Wòlíì Kọ̀ǹpútà ní Ìdúmọ̀tà

Wòlíì Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí paraku ni gbogbo wa. Orúkọ náà kò ti ṣọ́ọ̀ṣì wá. Jàlàbíyà ọmọdé ló kó o bá mi.

Ìmọ̀ okòwò ni mo kọ́ ní yunifásítì, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bí a ṣe ń fi ọjà àná mọ tọ̀la. Ẹ má rò pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni o, ìṣirò ni. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ kó ohun tí ẹ tà ní oṣù mẹ́ta jọ, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ sì gbà pé bí oṣù tó ń bọ̀ yóò ṣe rí nìyẹn. Ìyẹn kéré lójú mi. Ọ̀nà Holt àti Winters lèmi yàn. Charles Holt gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1957, Peter Winters sì fi kún un ní 1960. Nǹkan mẹ́ta ló ń wò: ibi tí ọjà dúró sí, bóyá ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, àti oṣù tó máa ń gbóná tàbí tó máa ń tutù lọ́dọọdún. Alfa, bẹ́tà, gámà ni àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìṣirò náà. Bí mo bá ń pè wọ́n nílé, àwọn àbúrò mi á ní ọfọ̀ ni mò ń pè. Inú mi á sì máa dùn.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì 2022 títí di 14 oṣù Kẹwàá, ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi ní Ìdúmọ̀tà ni mo lọ jókòó sí. Àlájà ń ta aṣọ ọmọdé lódidi: jàlàbíyà, fìlà, gáùn tí àwọn ìyá ń rà fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde wá. Ó ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá tà sí. Mo kó ti 2019 dé 2022 sínú kọ̀ǹpútà. Ti 2020 kò pé nítorí kónílé-ó-gbélé. Mo fi ọgbọ́n orí mi dí ihò rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, mo sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá.

Kọ̀ǹpútà ní oṣù Karùn-ún ni ọjà Àlájà máa ń gbóná jù. Ó ya àwòrán kan tó rí bí òkè Olúmọ, ṣóńṣó rẹ̀ bọ́ sí oṣù Karùn-ún géérégé. Oṣù Kẹrin 2022 náà gbóná, èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mi tà á, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kàn ṣèèṣì ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n náírà dé. Ní oṣù Kejì 2023, owó àtijọ́ kò ṣeé ná, tuntun kò sí nílẹ̀, tíránsífà kì í sì í tètè wọlé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 3 oṣù Kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba Àlájà. Ẹni tó ti ń rajà kí wọ́n tó bí mi wá ń bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni ìwé ẹ wí?"

Mo tẹ àwòrán náà jáde, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Mo ní kó dín ọjà oṣù Kẹrin kù, kí ìyókù wọlé ní oṣù Karùn-ún.

Ó wo ìwé, ó wò mí. "Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Àlájà, kọ̀ǹpútà ti ka ìyẹn mọ́ ọn."

Ó pa owó rẹ̀ dá méjì. Ó fi ìdajì rajà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ìdajì tó kù ló fi tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi. Ó dùn mí pé kò gbà mí gbọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí gbogbo ọmọ kéú ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀. Ọdún Híjírà kò ju ọjọ́ 354 tàbí 355 lọ, nítorí náà ìtúnu ààwẹ̀ máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ní 2019, 4 oṣù Kẹfà la ṣe é. Ní 2021, 13 oṣù Karùn-ún. Ní 2022, 2 oṣù Karùn-ún. Ọdún tó ń kọjá lọ ni kọ̀ǹpútà pàdé lọ́nà tó pè é ní onílé. Ní 2023, 21 oṣù Kẹrin ni. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ̀ nípa irú rẹ̀, torí ọdún Àjíǹde náà kì í dúró sójú kan, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wà nínú ìwé wa. Mo fò ó, wọ́n ní kò ní jáde nínú ìdánwò. Ẹnu ààwẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí mò ń kọ orí kẹrin iṣẹ́ náà, níbi tí mo ti sọ pé kò sí ohun pàtàkì kan tí yóò ru ọjà sókè nínú oṣù Kẹrin.

Ìdajì ti Àlájà tán kí ààwẹ̀ tó pé ogún. Ó ti máa ń rán mi lọ kí àwọn télọ̀ àdúgbò nínú ààwẹ̀. Mo rò pé ọmọlúàbí lásán ni. Èsì tí mo bá mú bọ̀ ló ń fi ṣiṣẹ́: bí télọ̀ bá ti ní òun kò gba aṣọ mọ́, aṣọ rírán ló kù tí ìyá ọmọ yóò rà.

Ìdajì tèmi dé ní oṣù Karùn-ún. Bí àwọn alábàárù ṣe ń rù ú bọ̀, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa kí wa: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé tọdún tó ń bọ̀ lẹ ti ń kó?" Àlájà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wòlíì Kọ̀ǹpútà ló ríran."

A tà díẹ̀ nígbà Iléyá, ṣùgbọ́n àgbò ló ń gbowó lọ́wọ́ bàbá ọmọ nígbà yẹn. Mo fi ìtàn tu ara mi nínú. Nígbà ogun Hitler, ìjọba òyìnbó fi ìwé dá iye tí wọn yóò máa ta gàrí l'Ékòó. Captain Pullen ló wà nídìí ètò náà. Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, olórí àwọn obìnrin ọjà, kọ̀ jálẹ̀, ètò náà sì wọmi ní 1945. Ṣùgbọ́n Pullen kì í jẹun alẹ́ nílé Pẹlẹ́wúrà.

Ilé-ìwé fún mi ní B. Wọ́n ní ìṣirò mi péye.

Jàlàbíyà funfun ti ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, bí ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà, ẹ yà rà á. Àlájà yóò dín in kù fún yín. Ẹ má ṣáà sọ pé èmi ni mo rán yín.