Igbá Mi Ló Di Òkè Ṣábẹ

Ẹ jókòó ná. Ẹ̀kọ kò tíì jinná, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu mi.

Igbá mi méjì sọnù lọ́jọ́ Ajé. Igbá ńlá tí mo rà lọ́jà Glazoué, tí mo fi ń bo ẹ̀kọ. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, gbogbo agbo ilé yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn wí fún Ìyá Ìbejì pé ẹni tó ń sẹ́ ògì nítòsí kànga, tí n kò rí i kó ra igbá rí, òun ni kí wọ́n bi. Ìyá Ìbejì sọ fún ìyàwó aránṣọ. Ohun tí ìyàwó aránṣọ bá sì ti gbọ́, ẹ kúkú mọ̀, ó ti dọjà. Kí n tó pọn omi dé, obìnrin ológì náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ti tún ìró ró, ó ti fi gèlè gbàjá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. A ti parí rẹ̀, tàbí ká ní ó kù díẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ẹ̀yìnkùlé ni mo ti wá bá igbá mi. Wọ́n dojú méjèèjì dé sórí pákó, wọ́n fi amọ̀ àti eérú rẹ́ wọn lára, wọ́n wá ri koríko wẹ́wẹ́ mọ́ wọn nídìí. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló lóṣòó yí wọn ká. Mo figbe ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Màmá, ẹ rọra o, ẹ máa wó òkè Ṣábẹ."

Òkè Ṣábẹ! Mo sì wò ó, ó jọ ọ́. Ẹ mọ àwọn òkè àpáta tó yọrí sókè nílùú wa yìí. Faransé kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi pè é ní Mamelles de Savè. Ọmú Ṣábẹ! Mo bi Bàbá pé ṣé kò tún sí ohun tí òkè lè jọ lójú ọkùnrin mọ́ ni. Bàbá ní òun kọ́ lòun sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ ìlú gan-an, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe: Ṣábẹ di Savè nínú ìwé ìjọba, a sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ojú irin ló gba iwájú òkè náà kọjá. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni irin, igi ìṣáná ni wọ́n tẹ́ ní ìdábùú sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agolo sàdíìnì ni wágọ́ọ̀nù. Agolo tòmátò ni orí ọkọ̀, wọ́n wá fi ìdérí bírò ṣe ihò èéfín. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Ẹ mọ Bàbá yìí. Ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ló wà títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi, opó kan sì wà tó ń gbé ọtí sódábì wá fún un lálaalẹ́. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè yìí, kí n tó gbàgbé. Ọdún 1900 ni Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Kútọnu. Bénin–Niger ni wọ́n sọ ọ́, torí wọ́n ní Odò Ọya ló ń lọ. Ipá ni wọ́n fi kó àwọn ọkùnrin abúlé sídìí iṣẹ́ náà. Ìjọba á béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀, baálẹ̀ á ka orí ọmọ ẹni fún wọn. Kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, irin ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé, ó sì jókòó. Àwọn ọdún 1930 ló tó dé Párákú. Ẹ ò rí i pé ó lé lógún ọdún tí Ṣábẹ fi jẹ́ òpin ọ̀nà? Ẹni tó ń lọ sókè, níbí ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù tó ń tòkè bọ̀, níbí ló ti ń wọkọ̀. Ẹnu wa tó ń dùn títí dòní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Kìlómítà 438 ni gbogbo rẹ̀ láti Kútọnu dé Párákú. Odò Ọya ńkọ́? Kò dé ibẹ̀ rí.

Ìyá mi tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn. Wàrà Fúlàní ló ń tà, wàgáṣì, a sì máa gbé e sókè sí ojú fèrèsé wágọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń lọ sí Párákú mú wàgáṣì márùn-ún, ó ní òun ń wá owó nínú àpò. Ó wá a títí fèrè fi fọn. Ọkọ̀ gbéra, ìyá mi gbá tẹ̀ lé e, ó ń sáré, igbá ń bẹ lórí, ó ń ṣépè, ó ń bẹ̀bẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó yá ni ọkùnrin náà ju nǹkan sílẹ̀. Ó ń dán nínú òkúta. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó he é. Bọ́tìnnì ni! Bọ́tìnnì ẹ̀wù! Ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí títí ó fi kú. Ó ní ọjọ́ ìdájọ́ ni òun yóò yọ ọ́ síta.

Kí ni mo ń sọ ná? Ẹ̀n-ẹ́n, la gare. Bí Faransé ṣe ń pe ibùdó ọkọ̀ nìyẹn, àwa tí a kàwé lọ́dọ̀ wọn sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Àlejò kan láti Ìbàdàn dé síbí, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí rélùwéè ń gúnlẹ̀. Ọmọdé kan ní kó wá "gare". Àlejò wá lọ bi ẹlẹ́ran lọ́nà gáà Fúlàní. Ìlú tí Fúlàní pọ̀ tó báyìí! Ẹ fojú inú wo ibi tí wọ́n júwe fún un. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, màlúù ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ará Ìbàdàn ọ̀hún náà ló bá Bàbá jiyàn rélùwéè. Ó ní tiwọn ló kọ́kọ́ dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Bàbá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé pé irin tiwọn àti irin tiwa kò lè fẹ́ra. Mítà kan gédégédé ló wà láàárín irin méjèèjì lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ wọn, mílímítà 1067 ni. Nítorí mílímítà 67, tí kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ọkọ̀ Ìbàdàn kò lè tẹ irin Ṣábẹ. Èdè kan náà là ń sọ, a jọ ń kí Oòduà, àfi ìgbà tí òyìnbó méjì wá fi tẹ́ẹ̀pù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn wá.

Ní 1959, Dahomey, tí à ń pè ní Benin báyìí, àti Niger dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọkọ̀ náà, òun la wá ń pè ní OCBN. Ọkọ̀ rìn, ó rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ńlá ojú títì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di pé èrò kò rí i wọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ilé iṣẹ́ Bolloré ti ń tẹ́ irin tuntun ní Niger láti 2014, láti Niamey dé Dosso, bí kìlómítà 140. A yọ̀. Ẹjọ́ wọ̀ ọ́, iṣẹ́ dúró. Irin kan wà lókè lọ́hùn-ún, irin kan wà lọ́dọ̀ wa, àlàfo wà láàárín, bí ọmọ bàbá kan tó pín ilé tí wọn kì í kíra. Ẹ lọ wo irin wa lónìí. Ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀, wọn kò sì fi àlá ọkọ̀ dá ara wọn láàmú.

Ìdí tí Bàbá fi gbé igbá mi nìyẹn. Ó ní ọmọ tó wà nílé yìí, tó ti lé lọ́mọ ọdún méjìlá, kò mọ bí rélùwéè ṣe ń ké.

Mo ní eré ọmọdé ni àgbàlagbà ń ṣe yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ fóònù, ó ní kí n wá wò. Ó ní àgbàlagbà ń ṣe é káàkiri ayé, wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ lé e lórí. Ó ní ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1910, The Model Railway Club, wọ́n ní ilé tiwọn nítòsí King's Cross. Ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ń kọ́, Copenhagen Fields ni wọ́n ń pè é, àdúgbò ara wọn níbẹ̀ gan-an, bó ṣe rí kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Mo ní ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ilé alájà kan tó wà ní ìsọdá ọ̀nà wa ńkọ́? Kí n tó lọ́kọ ló ti wà ní ìpìlẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà ló dùn mọ́ mi jù. Ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1946. Wọ́n pín sí méjì bí agbo ilé wa. Àwọn kan ń kun ilé kéékèèké, wọ́n ń gbin igi. Àwọn kejì, Signals and Power Subcommittee, kò ka ilé àti igi sí, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń so wáyà mọ́ wáyà. Ẹ̀rọ tẹlifóònù tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ ni wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ta ọgbọ́n kan tó dáa lábẹ́ tábìlì yẹn, hack ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà ní ibẹ̀ ni orúkọ hacker ti jáde wá. Mo ní, háà, ṣé ìdí rélùwéè ni àwọn ọmọ gáímáànì tó ń fi fóònù gba owó olówó ti wá? Ó ní rárá, ti àwọn yẹn, ọgbọ́n ni, kì í ṣe olè. Ó ní láti abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, tó fi di pé ní 1962, àwọn kan lára wọn wà nínú àwọn tó ṣe Spacewar!, eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú jà. Mo wo agolo sàdíìnì, mo wo ọmọ náà. Mi ò sọ̀rọ̀.

Bàbá ní kí wọ́n fi ti Jámánì hàn mí. Hamburg, Miniatur Wunderland, ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i. Irin kékeré tó wà níbẹ̀ lé ní kìlómítà 15, ọkọ̀ rẹ̀ lé lẹ́gbẹ̀rún. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló dá a sílẹ̀, Gerrit àti Frederik Braun, ìbejì sì ni wọ́n! Ìyá Ìbejì tó ti ń yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn (ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ibi tí kò sí) bú sáyọ̀. Ó ní òun ti mọ̀, ó ní ta ló tún lè ṣe é bí kò ṣe Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìgbà náà ni Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bí ìbejì kan bá lọ, kí là ń ṣe?" Ìyá Ìbejì ní, "A ń gbẹ́ ère rẹ̀ ni. À ń wẹ̀ ẹ́, à ń fún un lóúnjẹ." Bàbá na ọ̀pá sí agolo sàdíìnì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ti èmi."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ló tún lè gba igbá lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ Bàbá le. Ní Èkó, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, wọ́n ní ilé àwọn rélùwéè kan wà, Jaekel House, ilé 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, wọ́n kó fọ́tò àti ohun èlò àtijọ́ sínú rẹ̀. Bàbá ní ó dáa, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í rìn. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n mu. Wọ́n mú agolo sàdíìnì bíi wágọ́ọ̀nù mítà mẹ́wàá, ó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan. Irin méjèèjì wá fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà síra. Èmi tí mo sanra tó báyìí, n kò ní ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ lẹ́bàá ibùdó. Mo ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún ìdí. Tí wọ́n bá ní kí àwọn ṣe é láti Kútọnu dé Párákú, yóò ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Agbo ilé wa kò gbà á.

Àṣìṣe àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Ìdérí ìgò bíà ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Bàbá wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní wágọ́ọ̀nù wo ló lẹ́sẹ̀ tó ga ní mítà mẹ́ta, ṣé ilé alájà ni? Ó yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ní nǹkan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó rí róbótó, tó le, tó ní ihò láàárín.

Gbogbo wa wo ara wa. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ni.

Wágọ́ọ̀nù kan ń gba mẹ́jọ. Ìyàwó aránṣọ kó mẹ́rìnlá wá, ó sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé mẹ́rìnlélógún ni. Ẹni tó ń sẹ́ ògì nítòsí kànga mú méjì wá, ó kó o lé Bàbá lọ́wọ́, kò wojú mi. Èmi náà ṣí àpótí ìyá mi. Ti ọkùnrin Párákú ọjọ́sí ló wà lábẹ́ wágọ́ọ̀nù kẹta, ẹsẹ̀ òsì, níwájú. Ó ń yí dáadáa.

Ó ku méje. Ẹ wo ẹ̀wù yín kí ẹ tó lọ.