Mo Dágbére Kí Ìdánwò Tó Parí

Ẹni tó bá fẹ́ dágbére fún èèyàn ní Ìbàdàn, kó kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé níbo ló ń gbé. Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1993 tí mo fẹ́ jáde nílé ìwé girama kan ní Àgodi, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé mo ṣì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, mo kí gbogbo ayé pé ó dìgbóṣe. Mo kí tíṣà, mo kí olùṣọ́ géètì, mo kí ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́bàá ọgbà. Mo ní ojú wa ò ní ṣe mẹ́rin mọ́. Bẹ́ẹ̀ Bẹyẹrúnkà ni ilé wa wà. Ìdajì àwọn tíṣà wa ló ń wọ mọ́tò ní Géètì lọ sí Bẹẹrẹ lójoojúmọ́, ìdajì yòókù sì ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ta ni mo wá ń kí pé ó dìgbóṣe?

Slum book ló kọ́kọ́ kó bá mi. Ẹni tó lọ ilé ìwé nígbà tiwa mọ̀ ọ́n: ìwé Higher Education tó nípọn, tí wọ́n fi bébà aláràbarà bò lẹ́yìn, tí olúwa rẹ̀ á máa gbé kiri kíláàsì kí gbogbo ẹgbẹ́ lè kọ nǹkan sí i kí wọ́n tó túká. Wàá kọ orúkọ rẹ, wàá kọ ìnagijẹ, àwọ̀ tó o fẹ́ràn, oúnjẹ tó o fẹ́ràn, iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, wàá sì fi ọ̀rọ̀ ìyànjú kádìí rẹ̀. Irọ́ ló kún inú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó máa ń sá lọ gbọnsẹ̀ bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kọ pé ẹnjiníà lòun fẹ́ ṣe. Èmi kọ pé páìlọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ dà, bẹ́ẹ̀ orí òkè Mápó ni ibi tó ga jù tí mo dé rí. Nígbà tó kan oúnjẹ, mo ronú. Ọmọ alámàlà ni mí: àmàlà ló rán mi níwèé, gbẹ̀gìrì ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n Bódìjà ni ọmọbìnrin tó ni ìwé náà ń gbé, mo sì rò pé wọn kì í jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ni mo bá kọ “chicken and chips.” Mi ò fẹnu kàn án rí.

Mo gbé ìwé náà relé kí n lè fara balẹ̀ ronú ọ̀rọ̀ ìyànjú tó máa dùn létí. Àbúrò mi obìnrin rí i, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì kà á sókè fún ìyá mi lójú àwọn oníbàárà. Ìyá mi ò bínú rárá, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Nígbà tí mo wọlé lálẹ́ tí mo ní ebi ń pa mí, wọ́n dìde fún mi. Wọ́n ní, “Páìlọ́ọ̀tì, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bínú, ṣípìsì ti tán lónìí. Ẹ jẹ́ kí bàálù yín sáré gbé yín dé Kingsway ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní ó wà níbẹ̀.” Títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, “ẹ” ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń fi “ẹ” kí, kó yáa lọ wá ẹni tó máa yá a ní gàrí.

Ọmọbìnrin Bódìjà náà wá kọ nǹkan sínú ìwé tèmi. Níbi oúnjẹ, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ṣàkì ni.

Àríyá ìdágbére ló tẹ̀ lé e. Àgodi ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní 1959, èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ilé iṣẹ́ náà ò sì jìnnà sí wa. Nítorí náà, kò sí ọmọ ilé ìwé kan ládùúgbò wa tí kò dá ara rẹ̀ lójú pé òṣèré lòun, ẹni tó máa gbé òun sórí afẹ́fẹ́ ni ò tíì rí òun. Èmi ni mo ní màá ṣe fáìsì wa, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Mo yá agbádá, mo ki ìrọ̀rí bọ inú búbá kí ikùn mi lè yọ, mo mú ẹgba dání. Mo rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Mo wúkọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó nani. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì gùn mí, ni mo bá fi ọ̀rọ̀ tí a kò jọ sọ kún un. Mo kọjú sí ìjókòó iwájú níbi tí fáìsì gan-an wà, mo ní, “Bàbá, ẹ fún ẹgba yín nísinmi o. Àwa ti lọ nìyẹn. Ojú wa ò ní ṣe mẹ́rin mọ́ láéláé!”

Fáìsì dìde. Wọ́n rọra gun orí ìtàgé. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, èmi náà sì ń fojú wá ilẹ̀kùn. Wọ́n gba ẹgba lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, “Ọwọ́ òsì ni mo fi ń mú un. Pẹ̀lú gbogbo bó o ṣe jẹ ẹ́ tó, ó yẹ kó o ti mọ̀.” Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara wọn. Wọ́n rìn. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n yọjú láti ibi fèrèsé tí kò sí níbẹ̀, wọ́n mú apẹ́lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò rí, wọ́n sì bi í pé ṣé ilé ìyàwó ló sùn sí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n gbà, tí wọ́n bá pín in sí mẹ́rin, ìdá kan rẹ̀ ju tèmi lọ. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú agbádá àyálò, ìrọ̀rí ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, àwàdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí a kọ aṣọ. Àṣà ni pé bí ọmọ SS3 bá ti jáde nínú ìdánwò WAEC tó kẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi báírò àti máákà kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìdágbére sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi parí, èmi náà bọ́ sáàárín wọn, mo na apá méjèèjì, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Ẹnì kan kọ “Hope ’93” sí àpò àyà mi, àkọlé ìpolongo ìbò MKO Abíọ́lá, torí ọ̀rọ̀ June 12 ló gba ìgboro kan nígbà náà. Ẹni náà ò mọ̀ pé ìrètí ìlú àti tèmi máa jọ forí ṣánpọ́n ni. Ẹlòmíràn kọ gbèsè tí mo jẹ ẹ́ sí kọ́là. Ọmọ kan tí à ń pè ní NPK ló gba gbogbo ẹ̀yìn mi. Ìsinmi kan ṣoṣo ló lò tó fi ga ju gbogbo wa lọ, la bá ní ajílẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ sí i lẹ́sẹ̀ nílé. Ó fi máákà pupa kọ “NPK 15-15-15” láti èjìká mi dé ìbàdí.

A rọ́ lọ sí Ọgbà Àgodi, ọgbà ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí omíyalé Ògùnpa ti 1980 ṣe báṣubàṣu, tí kò sì tíì bọ̀ sípò rárá nígbà tiwa. A dágbére fún igi, a dágbére fún omi. Nígbà tí a ń bọ̀, mo ta ìwé Agric mi fún ọmọ SS2 kan, mo sì fi owó rẹ̀ ra mínírà fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ó ku ìdánwò kan. Agric ni. Èmi nìkan ni mo forúkọ sílẹ̀ fún un nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí mo ń bá rìn, mo sì ti bá wọn parí títí mo fi gbàgbé ara mi.

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, tó wà ní kíláàsì kejì sí tiwa, ló kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní ṣé mi ò lọ Agric ni. Mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ó na ìwé ètò ìdánwò sí mi. Ẹ̀rín náà ò jáde mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, ìyá mi sì ti fi Omo àti ọṣẹ dúdú bá a jà torí pé àbúrò mi ló máa jogún rẹ̀. Yíǹkì báírò ti tú káàkiri, ó ṣe búlúù níhìn-ín, ó ṣe funfun lọ́hùn-ún bí àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí lára. Ìyá mi gbé e sókè wò, wọ́n ní gbọ̀ngàn tí òyìnbó ṣí ní 1929 nìyí, òpó rẹ̀ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n máákà pupa ò gbọ́ ti ọṣẹ. NPK 15-15-15 ṣì ń pọ́n yòò.

Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi wọ yàrá ìdánwò, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń rìn bí alákàn. Alámòójútó ní kí ló ṣe mí lẹ́yìn. Mo ní ó ń dùn mí, sà. Wọ́n ní kí n yí i wá kí àwọn wò ó. Wọ́n kà á. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà.

“Ìdánwò Agric lo gbé ajílẹ̀ pọ̀n wá ṣe?”

“Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni, sà.”

“NPK ni ọ̀rẹ́ rẹ ń jẹ́? Fífítíìn wá ni orúkọ bàbá ẹ̀?”

Wọ́n ní kí n yí inú aṣọ náà síta. Máákà ti là á já. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ. Báyìí ni mo ṣe ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn láyé ilé ìwé mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó lu jára, tí ṣẹ́ẹ̀tì mi dojú bolẹ̀ lórí tábìlì alámòójútó. Ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ tó ní ká ṣàlàyé nọ́ńbà mẹ́ta tó máa ń wà lára àpò ajílẹ̀. Mo ti ń pe nọ́ńbà yẹn bí orúkọ èèyàn láti SS1, mi ò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Mo kọ pé èèyàn á lò ó lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, á sinmi fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì tún un lò fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni nitrogen, bákan náà ni phosphate, bákan náà ni potash. Nínú àpò kílò 50, kílò méje ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. P7 ni wọ́n fún mi. Ẹni tó máàkì ìwé náà láàánú.

Títí èsì fi jáde, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni mo wà, mò ń gbé àwo. Lọ́jọ́ kan, fáìsì wọlé, wọ́n pe àmàlà méjì àti ẹran ẹsẹ̀. Mo fi ìtìjú gbé e lọ bá wọn. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan. “O ní ojú wa ò ní ṣe mẹ́rin mọ́,” ni wọ́n wí. “Mẹ́ta ló pé yìí. Gbé e sílẹ̀.” Ojú kan ni wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi tó ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà lẹ́nu wọn fi ẹran kan ṣe ènì fún wọn, wọ́n ní ká yọ owó rẹ̀ nínú owó bàálù mi.

Ó wá ku ìwé ẹ̀rí ìwà, èyí tí ọmọ ilé ìwé ò lè ríṣẹ́ láìmú dání. Fáìsì ló ń kọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n kọ̀wé pẹ́ díẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, wọ́n sì fi í sínú àpò ìwé fún mi. Ìdí igi kan létí Géètì ni mo ti ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ pé mo jẹ́ ọmọ tó gbọ́n, pé mi ò jalè, pé mo lẹ́bùn eré orí ìtàgé, àmọ́ mo máa ń tètè dágbére. Láti ìgbà náà, kò sí ọ́fíìsì tí mo gbé ìwé yẹn dé tí wọn kò kọ́kọ́ bi mí pé ṣé mo máa pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Ìbàdàn ni mo wà, mi ò rí ibi tí mò ń lọ.