Mo-gbọ́-mo-yà Inú pom.xml

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi Java jẹun, ẹ kú BUILD FAILURE àná, ẹ kú tòní, tọ̀la náà ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá ta bá lónìí, kó má bínú, ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Bó bá sì fẹ́ bínú dandan, kó kọ́kọ́ lọ ka èrọ́ọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òkè délẹ̀, torí ó dá mi lójú pé kò tíì kà á.

Ẹ jẹ́ ká ti òde ariyá bẹ̀rẹ̀. O bímọ, o fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, o pe èèyàn mẹ́wàá péré torí pé ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan mú ìyàwó rẹ̀ dání. Ìyàwó mú àbúrò rẹ̀. Àbúrò mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ra aṣọ ẹbí níbi ìnáwó mìíràn. Ọ̀rẹ́ ní kí awakọ̀ má jókòó sínú oòrùn, kó wọlé wá fi nǹkan panu. Kó o tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọgọ́rùn-ún èèyàn ti kún abẹ́ kánópì, ẹnì kan tí o kò rí rí láyé rẹ sì ti ń bá alásè fa wàhálà pé pọ̀nmọ́ lásán ni wọ́n bù fún òun. Àwọn là ń pè ní mo-gbọ́-mo-yà.

pom.xml rẹ nìyẹn. Library mẹ́wàá lo fọwọ́ ara rẹ kọ síbẹ̀, ọgọ́rùn-ún jar ló jókòó. Láti ìgbà tí Maven 2 ti jáde lọ́dún 2005 ló ti gba iṣẹ́ yìí ṣe fún wa: bí o bá pe library kan, Maven á lọ pe gbogbo ẹni tí library yẹn gbára lé, á tún lọ pe ẹni tí àwọn yẹn náà gbára lé, títí tí ẹbí á fi pé. Kò ní bi ọ́ bóyá àga tó.

Kí àwọn àgbà ayé Ant má tíì máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín. Láti ọdún 2000 ni Ant ti wà lóde, ẹ sì fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé, "Nígbà tiwa, kò sí mo-gbọ́-mo-yà. Ọwọ́ wa la fi ń kó jar sínú fódà lib, a sì mọ gbogbo wọn lórúkọ." Òótọ́ ni, bàbá. Ẹ mọ̀ wọ́n lórúkọ. Mẹ́ta nínú wọn ń jẹ́ util.jar, util-new.jar àti util-new-eyi-gan-an-ni.jar, kò sì sẹ́ni tó láyà láti pa ọ̀kankan rẹ́ títí tí ẹ fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ wá wo Maven fúnra rẹ̀. Inú èdè Yídíìṣì, èdè àwọn Júù, ni wọ́n ti yá orúkọ yẹn, ọ̀mọ̀ràn ló sì túmọ̀ sí. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀ràn yìí a máa di èèyàn sínú. Ká ní ẹnì kan níléeṣẹ́ yín ṣe jar kan, tí kò tíì gbé e sórí sáfà. O sáré tẹ mvn install. Maven wá jar náà títí, kò rí i, ó sọ fún ọ. O pe onítọ̀hún lórí fóònù, ó tọrọ gáfárà, ó gbé e síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. O tún tẹ mvn install. Ẹ gbọ́ ohun tí Maven á wí: òun ti wá a lẹ́ẹ̀kan, òun ò bá a, òun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, òun ò ní padà lọ wá a àfi bí àsìkò tí wọ́n dá fún òun bá pé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ọjọ́ kan ni àsìkò ọ̀hún. Jar wà níbẹ̀ o! Gbogbo ayé ń rí i! Maven ní ẹ padà wá lọ́la, bí akọ̀wé káńsù tó ti gbé báàgì kọ́ apá lágogo méjì ọ̀sán.

Inú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .lastUpdated, nínú fódà .m2, ló kọ ẹ̀sùn yẹn sí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ni -U. Tẹ mvn -U install, á sọ báàgì kalẹ̀, á bá ọ wá a.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bẹ̀bẹ̀? Àdá lọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n yọ. Èrọ́ọ̀ kékeré bá yọjú, ó di rm -rf ~/.m2. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan dán an wò ní Yábàá lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ò lọ, tó jẹ́ fóònù ara rẹ̀ ló fi ń fún láptọ́ọ̀pù ní dátà. Gbogbo jar tó ti ń kó jọ láti ọdún mélòó kan ló ní láti tún gbà wálé. "Downloading from central" bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omi ẹ̀rọ tí ọmọdé ṣí sílẹ̀, dátà sì ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Nígbà tó parí, èrọ́ọ̀ àkọ́kọ́ ṣì jókòó síbẹ̀, ó tilẹ̀ ti bímọ: settings.xml rẹ̀, tí páswọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ wà nínú rẹ̀, inú fódà .m2 yẹn náà ló ń gbé, ó ti bá wọn lọ. Bó bá jẹ́ jar kan ló bàjẹ́, fódà jar yẹn nìkan ni kí ẹ pa rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilé sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́," ẹ sún mọ́bí. Ẹ dà bí ìyá tó ní ọmọ òun kì í jalè nílé. Èrọ́ọ̀ ní class file version 65.0 lẹ gbé wá, pé Java tó wà nílẹ̀ ò mọ̀ ju 61.0 lọ. Kí lẹ ṣe? Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ yọ 44 kúrò nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni: 65 di 21, 61 di 17. Bẹ́ẹ̀ náà ni 52 ṣe jẹ́ Java 8 tí àwọn báńkì kan ò fẹ́ fi sílẹ̀. Kọ́ọ̀dù tí Java 21 sè, Java 17 ò lè jẹ ẹ́. IDE yín ń fi Java 21 dáná níwájú ilé, JAVA_HOME yín sì ń tọ́ka sí Java 17 kan tí ẹ ti gbàgbé sẹ́yìnkùlé. Ẹ tẹ java -version, kí ẹ sì tẹ mvn -version. Bí ìdáhùn méjèèjì ò bá bára mu, ẹ ti mú olè, ilé yín ló sì ń gbé.

Kí àwọn ọmọ Gradle tó máa pàtẹ́wọ́, ó kàn yín. Ọ̀dọ́ ni Gradle, ọdún 2012 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde, ojú sì ń kán an. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gradle ti wá ń sáré kó àkísà jọ. Èdè méjì ló ń sọ, Groovy àti Kotlin, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí ojútùú níbì kan, èdè kejì ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Òótọ́ ni pé ó yára. Daemon rẹ̀ ló ń mú un yára: kì í kú lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń dúró de iṣẹ́ mìíràn. Bí iṣẹ́ mìíràn ò bá dé, wákàtí mẹ́ta ló máa fi jókòó sórí RAM yín kó tó lọ, bí àlejò tó jẹun tán tó ní kí wọ́n bá òun tan tẹlifíṣọ̀n, òun fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣí Chrome mọ́ ọn lórí láptọ́ọ̀pù 8GB, kí ẹ wá gbọ́ bí fáànù á ṣe máa ké bíi jẹnẹrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì rẹ̀ ti gbẹ.

Ẹ̀rín kì í pẹ́ tán lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún 2021. Wọ́n kéde pé Log4j ní ihò kan, Log4Shell, tí ọ̀tá lè gbà wọlé kó sì máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà onílé. Àwọn ọ̀gá kan ò tilẹ̀ gbéra lórí àga. "Àwa ò lo Log4j." Wọ́n wo pom.xml, wọn ò rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò pè é. Library tí wọ́n pè ló mú un dání, ó sì ti jókòó sí ìsàlẹ̀ kánópì láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Láàárín oṣù kan náà yẹn, 2.15.0 jáde, 2.16.0 tẹ̀lé e, 2.17.0 dé, 2.17.1 tún dé. Àwọn kan jẹ Kérésì pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lórí itan, adìyẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, mvn dependency:tree lọ́wọ́ òsì.

Igi yẹn ni mo fẹ́ ti ibi ẹ̀fẹ̀ bọ́ sí. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, àbúrò kan níléeṣẹ́ wa gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ àga mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. BUILD SUCCESS ló sọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní kóun gbéra báyìí, ó ṣubú."

Mo wò ó. NoSuchMethodError ni. Ó wá ń tẹ̀ síwájú pé: Preconditions.checkArgument(ZLjava/lang/String;Ljava/lang/Object;)V.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ọfọ̀ nìyẹn?"

"Ọfọ̀ tó ní ìtumọ̀ ni. Z yẹn, boolean ni, byte ti gba B mọ́ ọn lọ́wọ́. V ìparí ń sọ pé method náà kì í dá ohunkóhun padà. Java ní òun wọ inú library Guava lọ bi wọ́n léèrè checkArgument tó ń gba boolean kan, String kan àti Object kan, wọ́n ní kò sílé. Guava 20 ló bí i. Èwo lẹ ní?"

"Library tuntun tí mo fi kún un, 31.1 lòun ń lò."

"Òun ló ń lò ó. Ìwọ ńkọ́?"

Ó tẹ mvn dependency:tree -Dverbose. Igi náà gùn débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lágùn ká tó dé ìdí rẹ̀. Guava méjì la bá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan jókòó sí ìpele kejì, lábẹ́ library kékeré àtijọ́ kan: 19.0 ni. Èkejì wà ní ìpele kẹta, 31.1-jre, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "omitted for conflict with 19.0". Oúnjẹ kò kàn án.

"Òfin Maven nìyẹn," mo wí, mo tẹ̀yìn, ohùn mi ti ń jinlẹ̀ bíi ti ọ̀jọ̀gbọ́n. "Orúkọ kan, abọ́ kan. Bí Guava méjì bá wá sóde, èyí tó bá jókòó sún mọ́ olóde jù ni wọ́n máa bù ú fún, ì báà jẹ́ arúgbó. Bí wọ́n bá jókòó dọ́gba, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ló ni ín. Ká ní Gradle ni, ẹ̀dà tó ga jù ni ì bá mú."

"Kí ló wá dé tó fi sọ pé BUILD SUCCESS?"

"Ọbẹ̀ tiwa nìkan ni alásè tọ́ wò. Jar tí wọ́n ti sè wá láti ilé, kò sẹ́ni tó ṣí ìkòkò rẹ̀. Ìgbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni wọ́n tó rí i pé iyọ̀ ò sí."

A kọ Guava 31.1-jre sínú dependencyManagement. Àṣẹ olóde nìyẹn: ibi yòówù kí Guava jókòó sí, ẹ̀dà yẹn ni ká bù ún fún. Ètò gbéra, kò ṣubú. Àbúrò dúpẹ́. Ó yẹ kó lọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tiẹ̀ pe library àtijọ́ yìí? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún wa?"

Ẹnu mi yá. Mo ní ọ̀lẹ kan ni, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń rí nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á sì gbé e lẹ́ lódindi láì kà á. Mo ní irú wọn ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Mo ní kó tẹ git blame, ká mọ ẹni tó pè é wá, ká lè fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ dáadáa.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́.

"Sọ ọ́, má bẹ̀rù."

"Orúkọ yín ni mo rí, sà."

Mo gbé gíláàsì mi wọ̀. Ọwọ́ mi ni lóòótọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi gba library yẹn: kó máa bá wa wò ó bóyá òfìfo ni String kan. Java 11, tó jáde lọ́dún 2018, ti ní isBlank nínú tirẹ̀, Java 17 la sì ń lò. Nítorí ìlà kan ni mo ṣe gba odindi ẹbí Guava 19.0 sílé, tí mo fún wọn ní àga iwájú.

"Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ mi ni," mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ kan, abọ́ kan ni o."

A yọ library náà kúrò, a fi isBlank rọ́pò rẹ̀. Mo wá sáré sọ̀kalẹ̀ lọ ra mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin méjì pẹ̀lú gààrí tútù fún àbúrò yẹn, kí ọ̀rọ̀ náà má baà kọjá tábìlì wa. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ níbòmíràn kí ẹ tó kà á níbí, á jẹ́ pé mọ́ínmọ́ín ọ̀hún kò tó.