Ẹ̀gbọ́n Oníkáàdì

Lóṣù Kejìlá, nígbà tí òkú àgbà àti ìgbéyàwó bá ń du kánópì mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Ìkàrẹ́, ẹ kò ní wá Ẹ̀gbọ́n Oníkáàdì tì. Ẹ sáà wo àpò. Àwọn yòókù ti gbé tiwọn sílé. Tiẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ kánópì, lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfurufú kọjú sí èrò. “Priority” ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti balẹ̀ sí Ìkẹjà. Eruku ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ti sọ lébẹ́ẹ̀lì náà di pupa rúsúrúsú, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fà á já, ó rí ìjà.

Ẹ kí i pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o.”

“Ìrìn wo? Èmi kì í tò. Wọ́n ti pè mí wọlé kí àwọn yòókù tó dìde.”

“Àwọn wo ló pè yín?”

“Àwọn èèyàn wa ni.”

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ bàlúù tó gbé e wá. Kò ní ju káàdì lọ: pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi góòlù, tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ níwájú fọ́tò ìyá rẹ̀. Káàdì yìí ló ń mú un wọ yàrá tí wọ́n ń pè ní lounge, níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, irú èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti dín fún un kó tó jáde nílé. Ó ní ti ibẹ̀ ló dùn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn “èèyàn wa” yìí, tí n kò ní dárúkọ, wá àpótí rẹ̀ tì fún ọjọ́ mẹ́fà. Aṣọ ẹbí tó fẹ́ fi sin bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Agbádá àyálò ló wọ̀ lọ síbi òkú. A rò pé yóò ṣépè. Ó ní, “Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe bẹ̀ mí! Orúkọ mi gan-an ni wọ́n fi pè mí.” Ká ní awakọ̀ Ìkàrẹ́ ló gbàgbé àpò rẹ̀ sí Àkùngbá ni, ì bá ti pe ọlọ́pàá.

Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà jù. Ọgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n fi mú un. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1981 ni American Airlines dá ètò AAdvantage sílẹ̀, tí wọ́n ń ka máìlì fún oníbàárà kó má baà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Àwọn ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà wa ti ń ṣe é kí bàlúù tó dáyé: èènì ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n bù lé kọ́ńgò, ẹnu oníbàárà ló ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ ọjà mìíràn, á ní kò sí gààrí tó dùn tó ti ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wá ń ra gààrí nítorí èènì, ọ̀rọ̀ ti yí.

Ẹ̀gbọ́n ti dé ibẹ̀. Lóṣù Kọkànlá, àmì tí ilé iṣẹ́ bàlúù ń kà fún un kò tó mọ́ láti di ipò rẹ̀ mú. Ó wọ bàlúù lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, ó mu kọfí ní pápákọ̀, ó wọ bàlúù padà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ì bá kan páànù tí ìjì ṣí lórí ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀kà padà, kó sì tún ṣẹ́ kù. Korobá ìyá ń kún, àmì ọmọ náà ń kún.

Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, àbúrò rẹ̀ ní kó gbìyànjú wọn wò. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó kọ ìyàwó. “Kí n wá lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, British Airways ni tirẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n yí ìṣirò padà níbẹ̀: owó téèyàn ná ni wọ́n ń kà, pọ́n-ùn kan, àmì kan, ó di 20,000 kí èèyàn tó dé ipò Gold. Èrò pariwo. Ọ̀rẹ́ wa, tí Gold ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èrò ti pọ̀ jù nínú lounge.” Ẹni tí wọ́n ń tì síta ló ń bá wọn ti ilẹ̀kùn.

Gáréèjì Èkó nìkan ni kò mọ káàdì. Ẹ̀gbọ́n ní iwájú lòun máa jókòó. Awakọ̀ ní, “Dádì, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni iwájú.” Ẹ̀yìn Sienna ló ká ẹsẹ̀ kò sí títí dé Ìkàrẹ́, àpò lórí itan, lébẹ́ẹ̀lì kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tó ku ọ̀la kó padà, ó lọ ra gààrí. Ìyá àgbà náà bù ú sí kọ́ńgò, ó fọwọ́ gbá a jọ títí ó fi yọ ṣóńṣó, ó dà á sínú ọ̀rá. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó tún bu ìkejì. Ojú Ẹ̀gbọ́n tàn.

“Ìyá, ẹ mọ̀ mí, àbí?”

Ìyá ta ọ̀rá ní kókó. “Rárá, ọmọ mi. Gààrí lo rà.”