Ẹ́ńjìnnì Ọlọ́wọ́ Òsì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Perkins inú jẹnẹrétọ̀ àti Perkins inú ọkọ̀ ojú omi kò yàtọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ni mo rà, èyí tó ní yàrá nínú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì méjì ló wà lábẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀, Perkins 6.354 ni méjèèjì, pístìn mẹ́fà, lítà 5.8 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀bútẹ̀ Èrò, Yamaha tó ń mu bẹntiróòlù ni wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ tiwọn. Bó bá yọnu, ọkùnrin méjì á tú u, wọ́n á gbé e lọ. Tèmi tó bí ìdajì tọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn gan-an ló wọ̀ mí lójú.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ẹni tó tà á ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí n tó dé. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná, mo ní àwọn èèyàn yìí mà kúkú mọ àlejò í ṣe. Ẹni tó bá mọ dísẹ̀lì mọ̀ pé àárọ̀ kùtù, nígbà tó bá tutù, ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tí pístìn bá há mọ́ inú ló gbọ́dọ̀ gbóná débi tí epo á fi gbaná. Bí ríìngì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ á máa jò, á máa tu èéfín funfun, á sì máa ṣagídí kó tó jẹ́. Èmi kò mọ̀. Mo sanwó.

Kò pẹ́ tí mo fi sọ ara mi di mẹkáníìkì. Mo tú ìdérí idẹ kan lára ibi tí omi ọ̀sà ti ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì òsì tutù, mo rí irin tín-ín-rín kan lẹ́nu rẹ̀ tó ti jẹ dé ìdí. Inú bí mi. Mo lọ ra bóòtù tí kì í dípẹtà, mo fi dí ibẹ̀ pinpin. Sínkì ni irin náà o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni pé kí iyọ̀ máa jẹ ẹ́, kó má baà jẹ ohun tó wà nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó dé, kò bá sínkì nílé, ó bá dojú kọ páìpù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fa géèjì ọ́ìlì ti òsì jáde, àwọ̀ tíì tó kún fún mílíìkì ni mo bá lẹ́nu rẹ̀. Ti ọ̀tún ní tirẹ̀ ń tu èéfín búlúù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá di ká tú u ni àbí ká pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Jẹnẹ, tó ń bá àdúgbò wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó rí orúkọ Perkins, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ojú mi báyìí ni wọ́n bí èyí. Ti òsì ti kú, búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ti là. Ẹ lọ ra òmíràn ní Ládìípọ̀. Ti ọ̀tún, ẹ jẹ́ ká tú u, ká pààrọ̀ slíìfù àti ríìngì ẹ̀.”

Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù là. Ó ní ṣé n kò rí ọ́ìlì ni. Rédíétọ̀ ló ń tu jẹnẹrétọ̀ lára, kò sí ibi tí omi ọ̀sà ti ń bá ọ́ìlì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Bàbá Jẹnẹ kò rí irú rẹ̀ rí, kò sì yẹ ibẹ̀ wò. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi ki bóòtù bọ ibẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ní ká pe ẹni tó lè wọn kọ́mpúrẹ́ṣàn méjèèjì ká tó náwó, ká sì wá ibi tí omi gbà wọlé. Mo ní kí ló kan obìnrin nínú ẹ́ńjìnnì. (Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi í sílẹ̀ báyẹn. Ó ti bá mi wí tó.)

Ilẹ̀kùn kò gba ẹ́ńjìnnì, a gé òrùlé. Èmi ni mo di ayùn mú. Oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kan gbé ti òsì lọ, ó fún mi ní owó tí kò tó ra ọ́ìlì. Ní Ládìípọ̀, mo ti gbọ́n: mo ní kí wọ́n tan èyí tí mo fẹ́ rà ní tútù nini. Ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní jíábọ́ọ̀sì tirẹ̀, mo rà á. Ti ọ̀tún tí Bàbá Jẹnẹ tú sì dára. Ká má purọ́ mọ́ni, tó bá di ti pístìn àti ríìngì, ọ̀gá ni.

Mo pe èèyàn, títí kan àna mi, lọ́jọ́ tí a máa gbé ọkọ̀ sómi. Mo ti ọ̀pá ẹ́ńjìnnì méjèèjì síwájú. Ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ó ń pòòyì lójú kan. Àwọn àlejò mi rí èbúté, wọ́n rí ọ̀sà, wọ́n tún rí èbúté. Àbúrò mi tó jókòó ti kúlà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi àdúgbò hàn wá ni?”

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan lè máa yí sọ́tùn-ún, kí èkejì máa yí sósì, kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà. Èyí tí mo tà, ọlọ́wọ́ òsì ni. Èyí tí mo rà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Pùròpẹ́là tó wà lábẹ́ omi kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, bí mo bá ní kó lọ, ẹ̀yìn ló ń lọ. Wọ́n ní mo lè pààrọ̀ pùròpẹ́là, kí méjèèjì máa yí sọ́tùn-ún, kìkì pé ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Lẹ́yìn ohun tójú mi rí níwájú àna mi, n kò fẹ́ gbọ́ díẹ̀.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ó ní ọlọ́wọ́ òsì kan. Ó ní lọ́wọ́ oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù lòun ti rà á, kò sóhun tó ṣe é ju páìpù tó lu níbi tí omi ti ń tu ọ́ìlì lára. Òun pààrọ̀ ìyẹn, òun fọ inú rẹ̀, òun da ọ́ìlì tuntun sí i. Òun wọn kọ́mpúrẹ́ṣàn pístìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tó jó rẹ̀yìn.

“Ẹ wá wo ohun tí òpònú kan fi síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Bóòtù mi ló nà sí mi. Ó ń dán gbinrin, kò dípẹtà rárá.

Mo mi orí, mo ní ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ìsinsìnyí ti sú èèyàn. Mo bi í pé èló ni ẹ́ńjìnnì. Iye tó dá jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tí mo gbà lọ́wọ́ oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Mo ná an títí, kò gbà, ó ní ọlọ́wọ́ òsì ṣọ̀wọ́n. Mo ka owó fún un. Ó fi bóòtù ṣe ènì.