Mo Lọ sí Èkó Láì Kúrò ní Peckham

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba líìfù Àjíǹde. Ẹ gba ọjọ́ mẹ́rin tó ṣáájú Good Friday, kí ẹ tún gba mẹ́rin tó tẹ̀lé Mọ́ńdè Àjíǹde. Bí ẹ bá ti fi ọlidé ìjọba méjèèjì àti àwọn Sátidé àti Sọ́ńdè kún un, ọjọ́ 8 tí ẹ gbà á di ọjọ́ 16 gbáko. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti máa ń du àwọn ọjọ́ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní ilé ni, mo fẹ́ lọ kí ìyá mi l'Ékòó.

Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ. Wọ́n fẹ́ gé ikùn mi kù.

Mo ti sanra débi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti di ará ilé mi, ìtọ̀ ṣúgà náà sì ti ń yọjú. Ìlànà tí àwọn dókítà NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba ibí, ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tí BMI rẹ̀ (ìwọ̀n ìwúwo ara sí gíga ẹni) bá ti tó 40, tàbí 35 tí irú àìsàn báyìí sì wà lára rẹ̀, lè béèrè fún iṣẹ́ abẹ náà. Àwa tí ìran wa ti Áfíríkà wá, wọ́n ń bá wa yọ 2.5 kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ara tiwa kì í tíì wúwo tó ti òyìnbó kí àìsàn wọ̀nyí tó dé. Ẹ̀dínwó kan ṣoṣo tí mo tíì rí gbà nítorí àwọ̀ mi ní ìlú yìí nìyẹn.

Oríṣi tí wọ́n ń pè ní sleeve ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n á gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò oúnjẹ tó wà nínú ikùn sọnù, èyí tó kù á wá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Wọn kì í la ikùn gbọọrọ mọ́. Ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà wọlé. Ihò kéékèèké yẹn ló tàn mí jẹ. Dókítà sọ ọ́ kò fi bò pé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ènìyàn tó padà sẹ́nu gbogbo ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ń mi orí, mo ń ṣe "ẹ ṣé, dókítà", àmọ́ ohun tí mò ń rò nínú ni pé àwọn òyìnbó ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí ìyá mi ti gbé pọ̀n lọ sọ́jà kí n tó pé ogójì ọjọ́! Ihò tí kò ju èékánná lọ, kí ló fẹ́ fi oṣù kan gbáko ṣe?

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò gba ìsinmi àìsàn, nígbà tó jẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n ṣe é. Ó tọ́ sí mi. Lábẹ́ òfin ibí, ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó fún ọ̀gá. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kéèyàn mú ìwé dókítà wá. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi líìfù ọdún mi ra ikùn tuntun. Ojú ló ń tì mí. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń kí pé ayé yẹ ọ́ o. Bó bá rù, wọ́n á fọgbọ́n bèèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ń fún un lówó oúnjẹ. Èwo wá ni ti ẹni tó lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n gé ikùn òun? Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa létí: "Ṣé kò lè pa ẹnu dé ni?" Ọkọ mi nìkan ló mọ̀.

Irọ́ kì í dá rìn. Kò pẹ́ tí àwọn ará ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́. Obìnrin ará Gánà tó jókòó tì mí ní kí n bá òun ra gàrí Ìjẹ̀bú, nítorí pé gàrí tiwọn kò kan bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kan fẹ́ ìpékeré. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe ní kí n bá òun ra àdìrẹ, ó tiẹ̀ fi ìwọ̀n àyà rẹ̀ ránṣẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ gba líìfù ni n kò fún lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mílíìkì àti yógọ́ọ̀tì ni wọ́n ní kí n máa fi jẹun, kí ẹ̀dọ̀ mi lè súnkì. Ẹ̀dọ̀ ló bo àpò oúnjẹ lórí. Bó bá kún fún ọ̀rá, dókítà kò ní ríran dé ibi tó fẹ́ gé, ó sì lè ní kí wọ́n rán ẹni náà lọ sílé. Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti ń mu mílíìkì yìí, orí ń fọ́ mi, gbogbo ènìyàn ń bí mi nínú. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ẹ̀ka ilé gbígbé ni mo wà. Àwọn ayálégbé ló ń pè wá. Ọ̀kan pè pé òrùlé òun ń jò. Mo ní kó lọ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń gba ohùn wa sílẹ̀ o.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, mo sùn, mo jí. Àmọ́ nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí, kì í ṣe ikùn. Mo ní háà, wọ́n ti ta mí lọ́fà láti ilé! Nọ́ọ̀sì ló là mí lóye pé gáàsì ni wọ́n fẹ́ sínú ikùn mi kó lè wú, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ló ń da iṣan abẹ́ àyà láàmú, èjìká ló sì máa ń jẹ́ ẹ fún un. Ó ní kí n dìde máa rìn. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé, ó di abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún mi, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin. Ó wá bèèrè bóyá mo nílò ìwé fún ibi iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín ọlọ́gbọ́n. Mo ní rárá o, ọlidé ni mo wà.

N kò tíì sinmi tán tí ọ̀gá mi fi pè. Ó ń wá fáìlì kan. Ó yẹ kí n jẹ́ kó dún títí tó máa fi dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tòun ti oògùn ìrora ti da orí mi rú. Mo ní kí ọkọ mi yára wá ariwo jẹnẹrétọ̀ lórí YouTube, kí ọ̀gá lè gbọ́ Èkó lẹ́yìn mi. Ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù. Mo ní ẹ má bínú, iná ti lọ níbí ni. Kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìpolówó ló kọ́kọ́ jáde: obìnrin òyìnbó kan ń fi ohùn rara kéde pé àga onítìmùtìmù ti di ìdajì owó títí di Mọ́ńdè Àjíǹde. Ọ̀gá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, máa gbádùn ara rẹ." Ọkọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní ojú abẹ lára kò gbọdọ̀ fẹ́ aláwàdà.

Ọjọ́ Àjíǹde wá dé, àwọn ará ilé ọkọ mi sì ya wọlé pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́. Omi ẹran tí wọ́n sẹ́ pẹ̀lú mílíìkì nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí nígbà yẹn. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, mo ní mo ń gbààwẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, Jésù ti jí o."

Ohun tí n kò fi sínú ìṣirò mi rárá ni ẹnu. Ihò ara ikùn ti ń jinná nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo lè jókòó, mo lè tẹ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ oúnjẹ lílọ̀ ni mò ń jẹ, ṣíbí tíì díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbà tó ìdajì wákàtí kí n tó parí ohun tí ọmọ ọwọ́ máa jẹ kó tún bèèrè sí i. Wọn kì í mu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Kéèyàn dúró fún ìdajì wákàtí sí i. Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ mu ju lítà kan àbọ̀ lọ lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá sáré gbé ṣíbí kan lé e, gbogbo rẹ̀ á padà sókè. Ẹ wá bá mi wá ibi tí iṣẹ́ ìjọba máa wọ̀ sí nínú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìsinmi ọ̀sán wa, ìdajì wákàtí ni. Fóònù mi ń dún gbogbo ìgbà láti rán mi létí pé ó ti tó àkókò omi, ó ti tó àkókò oúnjẹ, ó ti tó àkókò fítámì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò mí tó rù, tí kò jẹun, tí aago ń pè é, wọ́n ní orí òkè àdúrà ni mo lọ l'Ékòó. Oorun tún wá ń gbé mi níbi ìpàdé, nítorí pé ohun tó ń wọnú ara kò tó gbé ara dúró.

Ẹ̀bùn ló tú mi fó. Òpópónà Rye Lane ní Peckham níbí ni mo ti lọ ra gàrí, ìpékeré àti àdìrẹ, bí mo ti ń rin ìrìn tí dókítà ní kí n máa rìn. Mo já gbogbo àmì iye owó kúrò. Gbogbo rẹ̀, àfi ti abẹ́ gàrí. Obìnrin ará Gánà náà yí i po, ó rí pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì. Kò bínú. Ó rọra sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù yẹn náà lòun ti ń ra tòun, àti pé ti Sátidé ló máa ń jẹ́ tuntun jù.

Mo gbọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá mi lọ. Mo jẹ́wọ́ tán, ara mi ń gbọ̀n. Obìnrin náà ní òun ti fura láti ìgbà tí fóònù mi ti dún ní méjì méjì bíi ti ilé, kì í ṣe bíi ti òkè òkun. Ó wá ní òun tiẹ̀ lọ ra ọ̀kan nínú àga yẹn.

Òun ló wá ń kọ́ mi ní òfin tó yẹ kí n ti mọ̀. Bí àìsàn bá bá òṣìṣẹ́ nínú líìfù ọdún rẹ̀, ó lè yí àwọn ọjọ́ yẹn padà sí ìsinmi àìsàn, kó sì fi líìfù rẹ̀ pa mọ́, bí ìwé dókítà bá ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pe ilé ìwòsàn náà padà láti tọrọ ìwé tí mo ti fi ẹ̀rín kọ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún mi. Wọ́n tún kọ sí i pé kí n máa ṣe ìdajì ọjọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí n lè ráyè jẹun. Líìfù mi padà sọ́wọ́ mi pé pérépéré.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, mo ní kí n fi lọ kí ìyá mi lóòótọ́. Mo tẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù síwájú ọ̀gá mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù líìfù. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Èwo ni wọ́n fẹ́ gé lọ́tẹ̀ yìí?"