Alágbà Atún-Gẹ̀ẹ́sì-Ṣe

Kò sí ìpàdé, kò sí ibi òkú tàbí ìgbéyàwó tí ẹ ó dé ní Èkó tí ẹ kò ní bá ọkùnrin yìí níbẹ̀: akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, kálàmù mẹ́ta ní àpò àyà, tó lúgọ bí ológbò tí ń ṣọ́ eku, kì í ṣe láti gbọ́ ohun tí ènìyàn ń wí, bí kò ṣe láti mú un níbi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá ti yẹ̀.

Ẹran tó dùn mọ́ ọn jù ni "I am coming from". Bí ọmọ tí a bí sí Èkó, tí kò tíì fojú kan ìlú baba rẹ̀, bá ní "I am coming from Ọ̀fà" nítorí pé ọmọ Ọlálọmí ni, Alágbà yóò na ìka ìfábẹ̀lá sókè, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bèèrè mọ́tò tó gbé e dé láàárọ̀ yìí. Ìgbà tí àwùjọ bá rẹ́rìn-ín tán ni yóò tó ṣàlàyé pé "I come from" ni ti ẹni tí ń sọ ìlú àwọn baba rẹ̀, "I am coming from" sì ni ti ẹni tí eruku ọ̀nà ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo wà níbi ìsìnkú kan tí ọmọ olóòkú dìde, tó ní "My father is coming from Ìjẹ̀bú-Igbó", tí Alágbà sì bèèrè láti orí àga rẹ̀ bóyá baba náà ṣì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí gbogbo ojú yí sí i, ó ní, "Ẹ má bínú, nítorí ire rẹ̀ ni."

Nítorí ire rẹ̀! Nítorí ire ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣe tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe lójú àwọn àna. Nítorí ire oníwàásù ni ó ṣe fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí i kí ìwàásù tó parí. Kò sí ẹni tí ó pè sí kọ̀rọ̀ rí láti ṣe ire yìí fún.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ ibi tí àṣìṣe "I am coming from" náà ti sú yọ. "Ń" tiwa a máa jẹ́ ti ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́, a sì máa jẹ́ ti ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Níbo lo ti wá?" pàápàá, ó lè jẹ́ ti ìlú ẹni, ó lè jẹ́ ti ìrìn ẹni.

Ṣùgbọ́n sísọ ìlú ẹni ju gírámà lọ. Ní 1837, Àjàyí Crowther fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn bí ogun ti kó o ní Òṣogùn ní 1821, ó sì dárúkọ ìlú náà gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrú ni a mú un níbẹ̀. Alágbà ńkọ́? Ẹni tí yóò yá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Bi Alágbà ní ìlú tirẹ̀: "I hail from Lagos" ni yóò wí, bẹ́ẹ̀ abà kan lẹ́yìn Ìkirè ni baba baba rẹ̀ ti kọ ebè, oríkì ilé wọn kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn náà. Irọ́ ni ṣáá.